Ìbọn Abẹ́ Ìrọ̀rí

Mo fa ìrọ̀rí kejì mọ́ra kí n lè bọ́ àpò rẹ̀, ni nǹkan kan bá já bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Kò dún, nítorí tìmùtìmù gbà á. Dúdú ni, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ó ń rùn òróró bí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi, ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí ikùn mi. Ìbọn ìléwọ́ ni. Ọdún 1997 ni, ọdún kejì mi ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Yàrá mẹ́rìnlá ni mò ń tún ṣe lójúmọ́ nínú ilé ìtura kan létí ọ̀nà márosẹ̀. Àpò ìrọ̀rí ṣì wà lọ́wọ́ mi, n kò mọ ibi tí n bá jù ú sí. Mo ń fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ títí mo fi kọlu àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, àga tó jẹ́ pé ìdí tábìlì ló yẹ kó wà. Mo tì í kúrò lọ́nà, mo bọ́ síta.

Ọ̀gá wa níbi ìfọṣọ jẹ́ obìnrin ará Ìjẹ̀bú kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà ṣáájú mi. Mo sáré tọ̀ ọ́ lọ. "Àǹtí, ẹ gbà mí o, ìbọn ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì!" Kò figbe ta. "Ṣé o fọwọ́ kàn án?" Mo ní, "Rárá, mà." Ó ní, "O káre. Jókòó, mu omi ná." Ìgbà tí mo mu omi náà tán ló tó ránṣẹ́ pe máníjà. Mo rántí rẹ̀ dáadáa, nítorí pé nínú gbogbo ìlànà tí wọ́n kọ́ mi lórí ọ̀rọ̀ ìbọn lẹ́yìn ìgbà náà, kò sí èyí tó ro tèmi kó tó ro ti ìbọn bíi ti ife omi yẹn.

Ọdún 27 ni mo lò nínú iṣẹ́ yìí. Mo kúrò nídìí bẹ́ẹ̀dì, mo di ẹni tó ń gbàlejò lóru, mo sì ṣe máníjà kí n tó fẹ̀yìn tì. Láàárín àwa tá a jọ ń ṣe é, àríyànjiyàn lórí ìbọn kì í tán. Àwọn kan ní ẹni tó bá ti sanwó yàrá ló ni yàrá, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bi í ní ohun tó wà nínú báàgì rẹ̀, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ aṣebi. Àwọn mìíràn ní onílé ló nilé, kí ẹni tí kò bá lè fi ìbọn sílẹ̀ wá ibòmíràn sùn. Mo ti gbọ́ méjèèjì lẹ́nu àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún. Ohun tí iṣẹ́ náà fi yé mi ni pé ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú tiwọn: kí ló ń ba àlejò lẹ́rù nínú ilé wa, kí la sì ti ṣe sí i kó tó wọlé?

Nílé bàbá mi àgbà, ní abúlé lẹ́yìn Ìbàdàn, àwọn ọdẹ máa ń yà kí wọn tó wọ igbó. Bí ọdẹ bá dé, á dúró ní àgbàlá, á yọ ohun tó ń dáná sí ẹ̀tù kúrò lórí ìbọn rẹ̀, á wá gbé e ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá mi àgbà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó jókòó gba omi. Kò sẹ́ni tó tú àpò rẹ̀ wò. Kò sẹ́ni tó ní kó mú ìwé àṣẹ wá. Ìbọn méjì tó jọ fara ti ògiri ti sọ ohun tó yẹ kí ẹnu sọ: àlejò ń sọ pé ọkàn òun ti balẹ̀, onílé sì ń sọ pé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ọrùn òun ni àlejò wà. Èyí ni òṣùwọ̀n tí mo gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú wá, òun náà ni mo fi ń wọn ohun tí mo bá.

Ní Amẹ́ríkà, kò sí bàbá àgbà lẹ́nu ọ̀nà. Òfin ló dúró níbẹ̀. Ọdún 1996 tí mo gúnlẹ̀ ni Texas bẹ̀rẹ̀ sí í fún aráàlú ní ìwé àṣẹ láti máa gbé ìbọn ìléwọ́ pamọ́ sára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju ìyẹn lọ. Lọ́dún 1791 ni wọ́n fi Àtúnṣe Kejì àti Àtúnṣe Kẹrin sínú òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ náà pa pọ̀, bí ìbejì. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ aráàlú láti ní ohun ìjà, èkejì ní kí ìjọba má ṣe tú ara, ilé tàbí ẹrù ènìyàn láìnídìí. Lọ́dún 1964, ní ẹjọ́ Stoner àti ìpínlẹ̀ California, ọ̀rọ̀ ìbọn àti ọ̀rọ̀ títú ẹrù pàdé nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan. Àwọn ọlọ́pàá ń wá ẹni tó ja ilé ìtajà lólè. Wọ́n ní kí akọ̀wé òtẹ́ẹ̀lì ṣílẹ̀kùn yàrá àlejò tí kò sí nílé, ó ṣí i, wọ́n sì bá ìbọn níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní àṣẹ tí akọ̀wé fún wọn kì í ṣe tirẹ̀ láti fúnni, ti àlejò ni.

Ìgbà tí mo di olùgbàlejò òru ni wọ́n kọ́ mi ní ẹjọ́ yìí, ó sì wọ̀ mí lára. Kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá wà lábẹ́ ọwọ́ mi, síbẹ̀ n kò ni ọ̀kankan nínú wọn. Mo lè wọlé láti pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, mo lè wọlé bí iná bá sọ, ṣùgbọ́n n kò lè ta àṣírí àlejò fún ẹni tó wọ aṣọ ìjọba nítorí pé ó fi ohùn líle béèrè. Ẹnu máa ń ya àwọn tó bá ti ilé wá bá mi lálejò bí mo bá ń ṣàlàyé èyí. Nílé, ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹnu géètì ni gbogbo rẹ̀ ti ń parí: sẹkúríìtì á fi dígí tó ní ọ̀pá gígùn wo abẹ́ ọkọ̀, á ní kí o ṣí búùtù, lẹ́yìn náà ló tó kí ọ káàbọ̀. Abala 37 nínú òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo àṣírí aráàlú, síbẹ̀ ẹni tó ń ṣí búùtù kì í rò pé wọ́n gba nǹkan kan lọ́wọ́ òun, nítorí ìbọn tí kò níwèé àṣẹ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Ògiri tiwọn wà ní géètì. Ní Texas, ẹnu ilẹ̀kùn yàrá ni ògiri wà, ẹ̀rù tó bá sì wọ géètì á tẹ̀ lé àlejò dé orí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀rù náà kò ṣàdédé wá. Lọ́dún 1974, ní ìpínlẹ̀ New York, aṣebi kan wọlé bá gbajúgbajà olórin obìnrin kan nínú yàrá rẹ̀, ó sì fipá bá a lò. Ilẹ̀kùn onídígí yàrá náà dà bí èyí tó tì, ṣùgbọ́n ènìyàn lè dúró síta kó ṣí i. Ó pe àwọn onílé lẹ́jọ́, ìgbìmọ̀ adájọ́ sì fún un ní mílíọ̀nù dọ́là méjì ààbọ̀. Láti ìgbà yẹn ni iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í fojú gidi wo ilẹ̀kùn. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ ṣáájú: bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Nígbà tí ẹnìkan bá ń sọ fún mi pé ìbọn ni òun fi ń gba ara òun là nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì, èmi a máa wá ibi tí ògiri wa ti lanu.

Obìnrin kan dé ọ̀dọ̀ mi ní agogo méjì òru lọ́dún kan. Ètè rẹ̀ wú, ọmọ kan sùn lé e léjìká. Kó tó fọwọ́ síwèé, ó sọ fún mi wọ́ọ́rọ́wọ́ pé ìbọn wà nínú báàgì òun, òun níwèé àṣẹ rẹ̀, òun kò sì ní fi í sínú ọkọ̀ nítorí ọkọ òun ń wá òun. Ìlànà wa nígbà náà kò fẹ́ ìbọn nínú yàrá. Mo wo ètè rẹ̀, mo wo ọmọ náà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tì í mọ́ inú séèfù yàrá nítorí ọmọ. Mo fún un ní yàrá òkè tí kò kọjú sí ibi ìgbọ́kọ̀sí. N kò pe nọ́ńbà yàrá náà jáde lẹ́nu. Inú ìwé péńpé ni mo kọ ọ́ sí, mo sì fi lé e lọ́wọ́.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí ọkọ náà fi dé. Ó múra dáadáa, ohùn rẹ̀ rọ̀, ó ní òun mú oògùn ọmọ wá. Mo sọ fún un pé a kì í sọ bóyá ẹnì kan wà lọ́dọ̀ wa tàbí kò sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀bẹ̀, ó bínú, ó sì lọ. Ìbọn obìnrin náà kò kúrò nínú séèfù títí a fi bá a rí ẹni tó gbà á sílé. Ẹnu tí mo pa mọ́ ló gbèjà rẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn. Mo tún rántí rẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ti akọ̀ròyìn obìnrin kan ní Nashville: lọ́dún 2008, òtẹ́ẹ̀lì kan fún ọkùnrin tó ń dọdẹ rẹ̀ ní yàrá tó kángun sí tirẹ̀, ọkùnrin náà sì gba ojú ihò ilẹ̀kùn ya fídíò ìhòòhò rẹ̀. Ní 2016, àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ dá mílíọ̀nù 55 dọ́là fún un. Àwọn tó ń sọ pé ọ̀tọ̀ ni àṣírí àlejò, ọ̀tọ̀ ni ààbò rẹ̀, kò tíì dúró nídìí tábìlì ìgbàlejò lóru. Fún ẹni tí wọ́n ń lé, àṣírí gan-an ni ààbò.

Ṣùgbọ́n bíbo àṣírí kì í ṣe dídijú. Lọ́dún 2009, bàbá arúgbó kan gbé káàdì "Ẹ Má Yọ Mí Lẹ́nu" kọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwa náà kò yọ ọ́ lẹ́nu. Ọjọ́ kejì pé kí ẹnìkan tó ní kí a kanlẹ̀kùn. A bá a nílẹ̀ balùwẹ̀, itan rẹ̀ ti kán, ètè rẹ̀ gbẹ bí èèpo igi. Bí a ti ń dúró de ọkọ̀ aláìsàn, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Mo ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín. Ẹ ń lọ, ẹ ń bọ̀." Ọ̀rọ̀ náà kò bínú, ìyẹn ló mú kó dùn mí jù.

Nígbà tó wá di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, káàdì kan náà yìí di ohun ẹ̀rù. Ọkùnrin ẹni ọdún 64 kan ti wà nínú òtẹ́ẹ̀lì Mandalay Bay ní Las Vegas láti ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án, káàdì náà sì wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó kó báàgì lórí báàgì wọlé, òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì pàápàá bá a gbé nínú wọn. Láti àjà 32, ó yìnbọn lu àwọn tó ń gbọ́ orin nísàlẹ̀. Ènìyàn 58 ni wọ́n kọ́kọ́ kà. Àwọn tó kú nítorí ọgbẹ́ lẹ́yìn náà sọ ọ́ di 60. Ìbọn tí wọ́n bá nínú yàrá rẹ̀ ju 20 lọ. Ilé iṣẹ́ tó ni òtẹ́ẹ̀lì náà gbà láti san owó gbà-má-bínú tó tó mílíọ̀nù 800 dọ́là fún àwọn tó fara gbá a. Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn òtẹ́ẹ̀lì kan ní Disney World yọ káàdì "Ẹ Má Yọ Mí Lẹ́nu" kúrò pátápátá, wọ́n fi èyí tó kàn sọ pé ènìyàn wà nínú yàrá rọ́pò rẹ̀. Ilé ìtura tiwa náà pàṣẹ pé yàrá tí a kò bá rí inú rẹ̀ fún wákàtí 24, kí a kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Mo fara mọ́ ọn nítorí bàbá arúgbó yẹn. Ṣùgbọ́n mo rí ohun tó lè bàjẹ́ nínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2018, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó ṣàpérò ní Las Vegas fẹ̀hónú hàn lórí bí sẹkúríìtì ṣe ń wọ yàrá wọn. Ara wọn ni obìnrin tó dá wà, tí àwọn ọkùnrin tí kò mọ̀ rí sì ń lu ilẹ̀kùn rẹ̀ gbàgbàgbà. Bí a bá ń dáàbò bo ènìyàn tí a sì ń dẹ́rù bà á, a ti sọ ọ́ di ẹni tó máa wá ìbọn ra lọ́la. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ohun tó tún dùn mí ni ẹni tí ojú wa máa ń tètè dúró lé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ Yorùbá kan gba yàrá mẹ́fà fún ìgbéyàwó. Wọ́n kó àpótí ńláńlá wọlé: aṣọ ẹbí, gèlè, bàtà, kúlà oúnjẹ. Sẹkúríìtì wa tuntun fẹ́ kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ ní ìta gbangba. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ojú ọ̀daràn ni wọ́n fi ń wò wá ni?" N kò rí èsì tó dára fún un. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrínisí gan-an ló tan Las Vegas jẹ. Arúgbó aláwọ̀ funfun tó ń náwó nídìí tẹ́tẹ́ kò fu ẹnikẹ́ni lára. Gbogbo aláǹgbá ló da inú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Nítorí náà, bí a bá máa kanlẹ̀kùn, kí ó jẹ́ ilẹ̀kùn gbogbo ènìyàn, ní wákàtí kan náà, kí a sì ti sọ fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé. Mo dá sẹkúríìtì náà dúró, mo sì ní kí wọ́n bá ìdílé náà gbé ẹrù wọn dé òkè.

Òfin ń yí padà ní tirẹ̀. Ní 2016, Texas gbà kí ẹni tó níwèé àṣẹ so ìbọn ìléwọ́ mọ́ ìgbànú ní gbangba. Ọwọ́ mi ni mo fi lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà wa, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ti Spain, lẹ́tà rẹ̀ ga tó ínǹṣì kan gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 2021, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò nílò ìwé àṣẹ mọ́. Lọ́jọ́ kan náà, òfin mìíràn bẹ̀rẹ̀ tó ní ilé ìtura kò gbọ́dọ̀ dí àlejò lọ́wọ́ láti fi ìbọn sínú yàrá rẹ̀ tàbí ọkọ̀ rẹ̀, tàbí láti gbé e láàárín méjèèjì. A ṣì lè ní kó bò ó mọ́ra tàbí kó fi í sínú àpótí. Nígbà tí àsìkò ọdẹ àgbọ̀nrín dé ní oṣù Kọkànlá, àwọn ọdẹ gbé àpótí ìbọn gígùn wọn kọjá iwájú wa. Ọ̀kan nínú wọn rí ìyá kan tó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra lẹ́nu ẹ̀rọ agbénigòkè, ó sún sẹ́yìn, ó ní kí wọ́n ṣáájú, òun á dúró de èyí tó kàn. Òfin kọ́ ló kọ́ ọ ní ìyẹn. Ó rán mi létí àwọn tó máa ń gbé ìbọn ti ògiri bàbá mi àgbà.

Òfin ti sọ ohun tí àlejò lè gbé wọlé. Kò sọ ohun tí a jẹ àlejò, kò sì sọ ohun tí àwa méjèèjì jẹ ẹni tó ń tún bẹ́ẹ̀dì ṣe. Nínú gbogbo àríyànjiyàn tí mo gbọ́, onílé àti àlejò ló ń jà lórí yàrá, bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn tó ń wọ ibẹ̀. Àìfinipeni, àìfènìyànpènìyàn, ló ń mú ará oko sán bàǹtẹ́ wọ̀lú. Ní oṣù Kẹwàá 2017 kan náà tí Las Vegas ṣẹlẹ̀, ìgbìmọ̀ ìlú Chicago ṣòfin pé kí àwọn òtẹ́ẹ̀lì fún òṣìṣẹ́ tó ń dá wọ yàrá ní bọ́tìnnì tí yóò fi ké gbàjarè. Ìròyìn náà kò dún bíi ti ìbọn, ṣùgbọ́n mo gé e kúrò nínú ìwé ìròyìn, mo fi pamọ́. Àlejò tó bá ní ẹ̀tọ́ sí ìbọn ní gbèsè lọ́rùn: kí ọwọ́ ẹlòmíràn má ṣe bá a lábẹ́ ìrọ̀rí.

Ẹni tó ni ìbọn ti 1997 padà dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó dàgbà ju bàbá mi lọ, irinṣẹ́ oko ló ń tà láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí máníjà pè mí síbẹ̀, ó bọ́ fìlà, ó bẹ̀ mí. Ó ní nígbà tí òun fẹ́ sùn ni òun rí i pé ẹ̀wọ̀n ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ti já. Òun fi àga ti ilẹ̀kùn, àga náà kò mú. Ìgbà náà ni òun fi ìbọn sábẹ́ ìrọ̀rí kí òun tó lè sùn, ilẹ̀ mọ́, òun sì gbàgbé.

N kò lè gbójú sókè wò ó. Mo ti rí ẹ̀wọ̀n yẹn. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń nu ọwọ́ ilẹ̀kùn náà, tí ẹ̀wọ̀n ń jù dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kò sẹ́ni tó bi mí rí ju iye táwẹ́ẹ̀lì lọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, bẹ́ẹ̀ alákàn ní ọwọ́ ńlá méjì tó ń gé nǹkan bí ẹ̀mú. Àwọn tó pa òwe náà rí ọwọ́ yẹn, síbẹ̀ ojú ni wọ́n yàn. Ọwọ́ wúlò nígbà tí ọ̀tá bá ti dé. Ojú ló ń rí ẹ̀wọ̀n tó já kí ilẹ̀ tó ṣú.

Láti ìgbà tí mo ti ní àṣẹ lórí ohunkóhun, ìwé tí ẹni tó ń tún yàrá ṣe máa kọ́kọ́ kọ kì í ṣe ti táwẹ́ẹ̀lì mọ́. Ti ilẹ̀kùn ni: kọ́kọ́rọ́, ẹ̀wọ̀n, fèrèsé, ihò ìyọjúwò. Ìbọn kò tìtorí ìyẹn dín kù ní Texas, àwọn àlejò wa ṣì ń gbé e wá. Ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn iṣẹ́ mi, kí n tó fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀, mo gba àjà kìíní lọ títí dé òkè, mo wọ yàrá tó ṣófo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fa ẹ̀wọ̀n ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wò. Gbogbo wọn ló mú.